Gbangba Dẹkùn: Bí Ẹgbẹ́ Kékeré Ṣe Lè Ṣe Ìtọrẹ Àánú Tó Ṣe é Yẹ̀ Wò

Bí owó ìtọrẹ àánú bá dàrú ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé ẹnìkan jí i. Ènìyàn 18 ló fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì akápò, owó oṣù rẹ̀ náà sì ń wọ àkáǹtì kan náà. Ó ra epo sọ́kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí iṣẹ́ ẹgbẹ́, ó fún ẹni tó bá wọn gbẹ́rù ní ₦2,000 láìgba ìwé kankan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹnìkan béèrè lórí WhatsApp pé, «Ẹ jọ̀ọ́, owó wa dà?» Akápò bínú, nítorí ó mọ̀ pé òun ò jalè. Ẹgbẹ́ náà bínú, nítorí akápò ò rí nǹkan kan fi hàn wọ́n.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹgbẹ́ tí kò ju ènìyàn 10 sí 40 lọ: àwọn ọmọ ilé-ìwé àtijọ́, ẹgbẹ́ àdúgbò, ìgbìmọ̀ àánú ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí. Púpọ̀ nínú ọ̀nà tó wà níbí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní effective altruism, àwọn tó máa ń béèrè pé náírà tí a fi ṣàánú, kí ló ṣe gan-an, báwo la sì ṣe mọ̀? Àwọn náà ti ṣe àṣìṣe ńlá, a ó sì mú díẹ̀ wá síbí, torí ẹ̀kọ́ pọ̀ níbẹ̀ ju ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa lọ.

Àpẹẹrẹ kan la ó máa tẹ̀ lé: ẹgbẹ́ kan ní ₦600,000, wọ́n fẹ́ fi ra awò ojú ìkàwé fún àwọn aránṣọ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti lé ní ẹni 40 ọdún ní agbègbè Ọjà Jagun àti Tákíé. Iye owó tí a kọ jẹ́ ti àpẹẹrẹ. Ẹ lọ bèèrè ọjà fúnra yín.

Ìgbésẹ̀ 1: ìwé ojú kan, kí kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tó wọlé

Kí ẹ tó kéde ohunkóhun, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, àwọn tí ẹ fẹ́ ṣe é fún, iye wọn, ọjọ́ tí yóò parí, àti ohun tí ẹ ó ṣe bí owó bá ṣẹ́ kù tàbí bí iṣẹ́ náà bá yẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ká ní ẹ dá ₦800,000 jọ fún aláìsàn kan, tí ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun wá san gbogbo owó ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kejì, tàbí kí aláìsàn náà kú. Ta ló ni ₦800,000? Ẹbí á ní tàwọn ni, ọlọ́rẹ kan á ní kí wọ́n dá tòun padà, alága á ní kó lọ sórí aláìsàn mìíràn, kò sì sí èyí tí ẹ lè sọ pé ó jẹ̀bi nínú wọn. Gbólóhùn kan tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀ ló ń parí rẹ̀: «Bí owó bá ṣẹ́ kù, aláìsàn tó tẹ̀ lé e lórí àkọsílẹ̀ ni yóò gbà á, ọlọ́rẹ tó bá fẹ́ tirẹ̀ padà ní ọjọ́ 14 láti sọ.»

Ẹ kọ ohun tí yóò mú yín dáwọ́ dúró pẹ̀lú. Àjọ Evidence Action ní iṣẹ́ kan ní Bangladesh tí wọ́n ń pè ní No Lean Season: wọ́n ń fún àwọn tálákà abúlé lówó ọkọ̀ kí wọ́n lè lọ wáṣẹ́ nílùú lásìkò tí ebi bá ń pa oko. Ìwádìí ìbẹ̀rẹ̀ dára. Nígbà tí wọ́n fẹ iṣẹ́ náà lójú, ìwádìí tuntun kò rí èrè yẹn mọ́, ní ọdún 2019 wọ́n sì kéde fún gbogbo ayé pé àwọn ti pa á tì. Ó rọrùn fún wọn torí wọ́n ti ń wọn iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò kọ nǹkan kan kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Ìgbésẹ̀ 2: àkáǹtì tí kì í ṣe ti ẹnìkan

Bí ẹgbẹ́ yín yóò bá máa gba owó lọ́dọọdún, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ onígbìmọ̀ alámòójútó (incorporated trustees), lábẹ́ Apá F òfin CAMA ti ọdún 2020, òfin tó de ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́. Ẹ ó nílò òfin ẹgbẹ́ àti alámòójútó tó kéré tán méjì; ẹ ó kéde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, ẹ ó sì fún ará ìlú ní ọjọ́ 28 láti sọ bí wọ́n bá ní ohun tí wọ́n fi takò ó. Báńkì yóò tún béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífọ owó ìwà ọ̀daràn mọ́, èyí tó wà lábẹ́ EFCC. Lẹ́yìn náà, ìjábọ̀ ọdọọdún gbọ́dọ̀ dé CAC láàárín 30 oṣù kẹfà sí 31 oṣù kejìlá. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń náwó forúkọ sílẹ̀ tí kì í fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ mọ́ láéláé. Ẹnikẹ́ni tó bá wo orúkọ wọn lórí ìkànnì CAC lè rí i pé wọn kò sí ní ipò tó yẹ mọ́.

Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, àkáǹtì àpapọ̀ orúkọ ènìyàn méjì tó, bí àwọn méjèèjì bá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ tọkọtaya, kí wọ́n má ṣe jẹ́ ọmọ ìyá. Ẹ rí i pé kò sí káàdì ATM lórí àkáǹtì náà, torí ẹni tó bá mú káàdì lọ́wọ́ ti sọ ìfọwọ́sí méjì di ọ̀kan.

Ẹ pín iṣẹ́ sí mẹ́ta: ẹni tó ń pa owó mọ́, ẹni tó ń rajà, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹnì kankan má ṣe di méjì mú nínú mẹ́ta. Ní ọdún 2023, GiveDirectly, àjọ tó ń fún tálákà lówó ní tààràtà, kéde pé nǹkan bíi $900,000 ti bọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì ní ìlà-oòrùn Congo, àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn náà sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ibi tí òrùlé ti jò ni pé wọ́n gba àwọn òṣìṣẹ́ láàyè, láìṣe bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, láti máa forúkọ SIM sílẹ̀ fún àwọn tí yóò gbowó. Ẹni tó ń kọ orúkọ náà ló ń di ọ̀nà owó mú. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí àjọ tó ní òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ, ẹgbẹ́ ọmọ àdúgbò kò gbọ́dọ̀ sọ pé «a mọ ara wa».

Ìgbésẹ̀ 3: yíyan ohun tí owó yóò ṣe

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí ẹ tó gbà pé ìrẹsì ọdún ni ẹ ó pín, ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ₦600,000 lè ṣe, kí ẹ sì bèèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: ta ló ti dán an wò rí, kí sì ni wọ́n rí? Lórí awò ojú, ìdáhùn wà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 fún àwọn tó ń ká ewé tíì ní Assam ní Íńdíà, tí wọ́n ti lé ní ẹni 40 ọdún, ní awò ìkàwé. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójúmọ́ fi ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ pọ̀ ju ti àwọn tí kò gbà. Aránṣọ kì í ṣe akáwé tíì, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ mọ ohun tí à ń sọ.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣírò gbogbo owó, kì í ṣe owó ọjà nìkan. Awò 150 ní ₦2,200 jẹ́ ₦330,000. Àpò àti aṣọ ìnuwò ní ₦400 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦60,000. Onímọ̀ awò ojú 2, ọjọ́ 3, ₦15,000 lójúmọ́, jẹ́ ₦90,000. Owó ọkọ̀ ₦45,000. Ìwé títẹ̀ ₦18,000. Owó tí báńkì yọ ₦2,000. Owó ìpààrọ̀ fún èyí tó bá fọ́ ₦55,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ni ₦600,000, ìyẹn ₦4,000 lórí ẹnìkan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kéde pé «gbogbo kọ́bọ̀ ni yóò dé ọwọ́ aláìní». Ẹnìkan ló máa san owó ọkọ̀. Bí ẹ bá fi í pamọ́, ẹ ó fi í kún iye ọjà níkẹyìn, ibẹ̀ sì ni irọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. ₦90,000 tí ẹ san fún onímọ̀ awò ojú kì í ṣe ìnákúnàá; òun ló mú kí awò náà bá ojú mu. Ẹgbẹ́ tó bá yọ ọ́ kúrò kí ó lè fọ́nnu pé òun kò ná nǹkan kan lórí òṣìṣẹ́ yóò pín awò 150 tí ìdajì rẹ̀ yóò máa fọ́ orí fún ẹni tó gbà á.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níhìn-ín ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ rajà. Ẹni tó ń tà á lọ́pọ̀ á ní òun ní awò +2.00 (nọ́ńbà tó ń sọ bí awò ṣe lágbára tó) páálí mẹ́ta, ó pọ́ọ́kú, wọ́n á kó o. Ẹ yẹ ojú wò ṣáájú, pẹ̀lú páálí lẹ́tà tí wọ́n gbé jìnnà sí ojú ní ìwọ̀n 40 sẹ̀ǹtímítà, ẹ kọ nọ́ńbà tó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan mu láti +1.00 dé +3.00, lẹ́yìn náà kí ẹ wá lọ rà á bí ó ṣe wà lórí àkọsílẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ́ pẹ̀lú awò èyíkéyìí, ó lè jẹ́ pé àìsàn ojú mìíràn ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ má ṣe fún un ní awò kí iye lè pé.

Ìgbésẹ̀ 4: ìwé owó

Google Sheets tó, ìwé olójú ìlà ńlá náà tó. Ìlà mẹ́jọ ni: ọjọ́, nọ́ńbà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ti wá tàbí ẹni tó lọ bá, owó tó wọlé, owó tó jáde, ohun tó wà fún, nọ́ńbà rìsíìtì, owó tó kù. Ní ọjọ́ tó parí oṣù, owó tó kù nínú ìwé yín àti èyí tó wà lórí ìwé tí báńkì tẹ̀ fún yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà dé kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá fi ₦50 yàtọ̀, ẹ wá a. Kì í ṣe nítorí ₦50. Àṣìṣe ₦50,000 àti ₦49,950 lè bo ara wọn mọ́lẹ̀ kí ó ku ₦50 lójú.

Ẹ má ṣe pa ohun tí ẹ kọ rẹ́. Bí ó bá ṣàṣìṣe, ẹ fa ìlà kọjá lórí rẹ̀ kí ó ṣì ṣeé kà, ẹ kọ tuntun sísàlẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i.

Wọ́n á ní àwọn ìyá ọjà kì í jáwèé. Òótọ́ ni. Ẹ tẹ ìwé ìsanwó tiyín kí ẹ tó jáde nílé: orúkọ ẹni tó tà á, ibi ìsọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù, ohun tó tà, iye, ìtẹ̀ka tàbí ìfọwọ́sí, àti ẹlẹ́rìí kan. Fún ohun tó bá ju ₦50,000 lọ, ẹ gba iye láti ìsọ̀ mẹ́ta kí ẹ sì lẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ìwé. Bí ẹ kò bá mú èyí tó kéré jù, ẹ kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan.

Ní ti ọlọ́rẹ tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun, ẹ fún un ní nọ́ńbà: «Ọlọ́rẹ 07, ₦20,000.» Yóò rí ara rẹ̀ lórí ìwé, yóò mọ̀ pé tòun wọlé, sàráà rẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ́ rẹ̀ yóò sì wà ní ìkọ̀kọ̀ bí ó ti fẹ́. Owó tí a kò mọ orísun rẹ̀ rárá yàtọ̀ sí èyí o. Ọmọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó fi ₦500,000 ránṣẹ́ lójijì, ìgbìmọ̀ ní láti bi í léèrè kí wọ́n tó ná an.

Owó ìlérí kì í ṣe owó. Níbi ayẹyẹ ìkówójọ, àwọn ènìyàn á kéde ₦200,000, pátẹ́wọ́ á dún, oṣù mẹ́fà á kọjá. Ẹ fi owó ìlérí sí ojú ìwé mìíràn, ẹ má ṣe rajà lórí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí dun àwọn effective altruism gan-an. Sam Bankman-Fried, tó ni ilé iṣẹ́ owó krípítò FTX, ni ọ̀kan nínú olówó wọn tó tóbi jù. Nígbà tí FTX wó lulẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn ẹgbẹ́ tó ti gba ìlérí owó lọ́wọ́ àjọ rẹ̀ ń bẹ lójú ọ̀nà: àwọn kan ti gba òṣìṣẹ́, àwọn mìíràn ti san owó ilé. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ẹ̀sùn jìbìtì ní 2023, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 25 ní 2024. Bí ó bá jẹ́ pé ìdajì owó ẹgbẹ́ yín ń ti ọwọ́ ẹnìkan wá, ẹ kọ ọ́ sórí ìjábọ̀ kí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: ọjọ́ pínpín

Ẹ fún ẹni tí wọ́n ti yẹ ojú rẹ̀ wò ní káàdì tó ní nọ́ńbà láti 1 dé 150. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń gba awò, kì í ṣe ojú mímọ̀. Bí ọmọ ìgbìmọ̀ bá ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n lórí àkọsílẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ bí ojú onítọ̀hún bá nílò rẹ̀; kí ó sọ ọ́ jáde, kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ lọ kí ìyálọ́jà àti baálé àdúgbò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ ṣàlàyé pé ojú tí wọ́n bá yẹ̀ wò nìkan ló ń gba awò. Bí ẹ bá dúró di ọjọ́ náà, wọn á ní kí ẹ yọ 20 sílẹ̀ fún àwọn, ẹ kò sì ní lè kọ̀ fún àgbà níwájú èrò.

Fọ́tò: ẹ ya ọjà, ẹ ya ọwọ́ tó mú awò, ẹ má ṣe to àwọn ìyá sórí ìlà kí ẹ ya ojú wọn fún Facebook. Bí ẹ bá nílò ojú ẹnìkan, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti gba awò tán, kó má bàa rò pé fọ́tò ni owó rẹ̀. Àkọsílẹ̀ orúkọ àti fóònù wọn jẹ́ ohun tí òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 kàn. Kò gbọ́dọ̀ bọ́ sórí WhatsApp.

Ìgbésẹ̀ 6: ẹ padà lọ ní ọjọ́ 90

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń jábọ́. Wọ́n á sọ pé «a pín awò 150», bí ẹni pé pínpín ni wọ́n ń wá.

Ẹ fi ìbò mú nọ́ńbà kan láàárín 1 sí 5. Bí ó bá mú 3, ẹ lọ bá nọ́ńbà 3, 8, 13, 18, bẹ́ẹ̀ lọ. Ènìyàn 30 nìyẹn. Kí ẹni tó lọ má ṣe jẹ́ ẹni tó pín in. Kó má sì béèrè pé, «Mà, ṣé awò yẹn wúlò?» Ta ni yóò sọ fún ẹni tó ṣe é lóore pé kò wúlò? Àdúrà ni wọn á fi dáhùn. Kó dé ibi iṣẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀, kó wò ó bóyá awò wà lójú tàbí nítòsí ẹ̀rọ, kó ní, «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí i.» Ẹni tí kò bá sí nílé, ẹ padà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i; ẹ má fi aládùúgbò rẹ̀ rọ́pò, torí ẹni tó ti kó lọ lè jẹ́ ẹni tí awò rẹ̀ ti sọnù.

Ká ní ènìyàn 20 nínú 30 ṣì ń lò ó. Ìyẹn jẹ́ bíi 100 nínú 150. Iye tí àánú yín ná lórí ẹnìkan kì í ṣe ₦4,000 mọ́; ₦6,000 ni. Nítorí pé ènìyàn 30 kéré, iye tòótọ́ lè wà níbikíbi láàárín nǹkan bíi 75 sí 125, ìyẹn ₦8,000 sí ₦4,800. Ẹ kọ méjèèjì. Ọlọ́rẹ tó gbọ́n yóò gba ẹni tó sọ pé «láàárín èyí sí èyí» gbọ́ ju ẹni tó ń sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dára. Kí ẹ sì kọ ìdí tí àwọn 10 yòókù kò fi lò ó: ó fọ́, ọmọ gbà á, nọ́ńbà kò bá ojú mu. Ìdí kọ̀ọ̀kan ní àtúnṣe tirẹ̀, owó ìpààrọ̀ ₦55,000 sì ń dúró de èyí tó fọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: ìjábọ̀, àti ojú ìwé àṣìṣe

Ẹ mú ọjọ́ kan, bí ọjọ́ keje oṣù, kí ìjábọ̀ máa jáde bí iṣẹ́ bá lọ tàbí kò lọ. Ojú ìwé kan: owó tó wọlé, tó jáde, tó kù; ohun tí a ṣèlérí àti ohun tí a ṣe; iye lórí ẹnìkan; ẹni tó ní ìbátan nínú rẹ̀; àṣìṣe. Ẹ gbé e sórí WhatsApp, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ibi ìpàdé, kí akọ̀wé sì fi ohùn rẹ̀ kà á ní Yorùbá fún àwọn tí kì í ka ìwé.

Lábẹ́ àṣìṣe, ìlà mẹ́rin tó: ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí a mọ̀, ohun tó ná wa, ohun tí a yí padà. GiveWell, àjọ tó ń yẹ ẹgbẹ́ aláàánú wò kí ọlọ́rẹ lè mọ èyí tó dára, tí Holden Karnofsky àti Elie Hassenfeld dá sílẹ̀ ní 2007, kò pẹ́ láyé tí àṣírí tú pé wọ́n ń fi orúkọ mìíràn polówó ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbìmọ̀ wọn gba owó ìtanràn lọ́wọ́ Karnofsky, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ipò. Àjọ náà kọ ọ̀rọ̀ ìtìjú yìí sójú ìwé àṣìṣe tiwọn fúnra wọn, fún ẹnikẹ́ni láti kà.

Ohun ńlá tí ẹ bá fẹ́ ná, ẹ sọ ọ́ kí ará ìta tó sọ ọ́. Ní 2022, Effective Ventures, ọ̀kan nínú àjọ àwọn effective altruism, ra ilé ńlá àtijọ́ kan, Wytham Abbey, nítòsí Oxford, fún ìpàdé. Wọ́n ní ìdí tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọlọ́rẹ gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu àwọn oníròyìn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fúnra yín sọ á jẹ́ àlàyé. Èyí tí wọ́n bá bá lọ́wọ́ yín á jẹ́ àwíjàre.

Bí ó bá jẹ́ pé ọlọ́rẹ nìkan lẹ jẹ́

Ẹ bi ẹgbẹ́ tó ń tọrọ léèrè pé: iye ènìyàn mélòó ni owó mi yóò dé? Kí lẹ ó ṣe bí ó bá ṣẹ́ kù? Ta ló ń fọwọ́ sí i? Kí ló yẹ̀ lọ́wọ́ yín lọ́dún tó kọjá? Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn láìfa ojú ro, ẹ fún un. Ẹni tó bá bínú, ẹ fi owó yín sílé.

Nígbà tí akápò bá fẹ́ gbé iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó má ṣe fi ìwé ránṣẹ́ lórí ọ̀kadà. Kí àtijọ́ àti tuntun jókòó pẹ̀lú ẹni tó ń yẹ̀wé wò, kí wọ́n ka rìsíìtì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi owó báńkì wé ti ìwé, kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà Google Sheets níbẹ̀, kí wọ́n yí orúkọ padà ní báńkì láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọwọ́ sí i. Ìwé náà yóò wà ní ìpamọ́ fún ọdún 6, ó kéré tán, ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ akọ̀wé, èkejì lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀.